Kí ọmọ yín tó gba kírẹ́díìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ gbọ́ tiwa ná

Ẹ̀yin òbí tá a jọ wà ní Texas níbí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọmọ dé láti ilé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ níkùn mi.

Ọmọ mi obìnrin wà ní 10th grade, bíi SS1 wa nìyẹn, lọ́jọ́ tó mú fọ́ọ̀mù kan wálé tó ní Mọ́mì ẹ bá mi sáìn nǹkan yìí, dual credit ni wọ́n ń pè é, pé òun á máa ṣe kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì láti inú high school, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yẹn á kà ní skúùlù, á tún kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ní ṣé bíi Direct Entry ni, torí èyí témi mọ̀ nìyẹn, kéèyàn ṣe A-level àbí JUPEB àbí IJMB kó wá bọ́ sí 200 level. Ó ní rárá o, ẹ̀yin ti jáde sẹ́kọ́ńdírì kẹ́ ẹ tó ṣe tiyín, àwa ṣì wà nínú ẹ̀. Inú mi dùn débi pé orí ìdúró ni mo ti sáìn ín, nídìí ọbẹ̀ tí mò ń sè, mi ò béèrè nǹkan kan.

Ètò yẹn dáa o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Dìgírì ọdún 4 jẹ́ nǹkan bíi 120 kírẹ́díìtì, kọ́ọ̀sì kan sì sábà máa ń jẹ́ 3. Ní yunifásítì ìjọba Texas, 42 nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní core, English, math, history, government, gbogbo ọmọ ló máa ṣe é, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, ì báà jẹ́ ẹnjiníà. Àwọn yẹn gan-an lọmọ lè máa ṣe sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti sẹ́kọ́ńdírì. Owó ńkọ́? Láti 2023 ni Texas ti ní ètò kan tó ń jẹ́ FAST, ọmọ tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó ní skúùlù, kò ní san kọ́bọ̀ lórí dual credit ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá wà nínú ètò náà. Ẹ béèrè ẹ̀ lọ́dọ̀ kánsẹ́lọ̀ skúùlù yín, ọ̀pọ̀ wa ló ń sanwó tí kò yẹ ká san.

Ibi tó ti dùn wá nìyí. Ó pé ọmọ ọdún 16, ó bọ́ sí 11th grade, ó kó kíláàsì tó le 5 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, College Algebra wà nínú ẹ̀. Tísà kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í lé ọmọ kiri bíi ti high school, ó kọ ọjọ́ ìdánwò gbogbo sínú ìwé kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó parí nìyẹn. Ọmọ gba 58 nínú ìdánwò kejì kò sọ fún mi, ìgbà tí mo máa fi mọ̀ ó ti di November. Mo pe kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, obìnrin tó gbé fóònù bá mi sọ̀rọ̀ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè sọ nǹkan kan fún mi, òfin FERPA ni. Ohun tí òfin yẹn wí ni pé bí ọmọ bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọjọ́ orí yòówù kó wà, òun ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀, kì í ṣe ìyá ẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣì ń ra bàtà fún! Ó sì lè sáìn ìwé kan tí wọ́n á fi lè bá òbí sọ̀rọ̀, ìwé yẹn wà nílẹ̀ láti August, kò sẹ́ni tó sọ fún wa, èmi náà ò sì béèrè. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo mọ òwe yìí láti kékeré.

C ló gbà. Ọmọ sunkún, mo ní kò burú, high school lásán ni. Irọ́ ni mo pa fún un láìmọ̀.

Ìṣègùn lọmọ yìí fẹ́ ṣe láti kékeré ẹ̀, ẹ sì mọ bí inú wa ṣe máa ń dùn sí i nílé Yorùbá. Nígbà tá a wá ń wádìí, a rí i pé AMCAS, ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú skúùlù ìṣègùn Amẹ́ríkà ń gba àplíkéṣọ̀n sí, gbogbo kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì téèyàn ti ṣe láyé ẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, títí kan èyí tó ṣe nígbà tó ṣì wà ní high school, wọ́n á sì kà á mọ́ GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì ẹ̀. TMDSAS tó jẹ́ ti Texas náà ń béèrè ẹ̀. Ká ní a mọ̀ ni, ọjọ́ kan wà tó lè fi drop kọ́ọ̀sì yẹn kí wọ́n fi W síbẹ̀, ìyẹn pé ó yọwọ́ nínú ẹ̀, W kì í wọ GPA. Ọjọ́ yẹn ti kọjá kí n tó gbé fóònù.

Bí ẹ bá bi mí, màá ní AP, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó le bíi ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń ṣe ní high school, ni kí ọmọ kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò bá tíì mọ ibi tó ń lọ. May ni ìdánwò ẹ̀, máàkì ẹ̀ jẹ́ 1 sí 5, tó bá fìdí rẹmi nínú ẹ̀ kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan tó máa kọ ọ́ mọ́ GPA ẹ̀. Òfin Texas ní kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba fún ọmọ tó bá gba 3 sókè ní kírẹ́díìtì, àyàfi tí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé kọ́ọ̀sì kan nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn yunifásítì àdáni tó ṣòro wọ̀ sábà máa ń fẹ́ 4 tàbí 5. Dual credit dára fọ́mọ tó máa dúró sí yunifásítì ìjọba níbí. Àwọn yunifásítì àdáni kan wà tí kò ní gba kírẹ́díìtì ẹ̀ rárá tí wọ́n bá ti fi kọ́ọ̀sì yẹn ka sẹ́kọ́ńdírì fún un, ẹ kọ ímeèlì sí wọn kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n fèsì ní àkọsílẹ̀.

Kírẹ́díìtì 24 lọmọbìnrin mi kó wọ yunifásítì, C yẹn wà nínú ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló kàn báyìí, kọ́ọ̀sì kan péré ló máa fi bẹ̀rẹ̀, history. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló jókòó tì í nígbà tó ń kún fọ́ọ̀mù, ó ní kó kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tí wọ́n fi ń drop kọ́ọ̀sì sára fíríìjì kó tó kọ orúkọ ara ẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí òun àtèmi sáìn.