Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Jáde o, Ìgbà Ìrúwé Ti Dé ní London

Àwọn tí ìyá tàbí bàbá wọn wà lọ́dọ̀ wọn báyìí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àwọn tí òbí wọn fi fíísà oṣù mẹ́fà wá láti Naija wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ lọ ibiṣẹ́, ọmọ lọ sí sùkúù, Màmá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nínú flat látàárọ̀ dalẹ́, hítà ń ṣiṣẹ́, kọ́tìnì ò ṣí, tó bá di Sunday wọ́n á lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á padà wá jókòó. Kò ní pẹ́ tí orúnkún á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n á ní òtútù ìlú yìí ni. Òtútù wà ńbẹ̀ lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn ló pọ̀ jù.

Látìgbà tí wọ́n bá ti sún aago síwájú ní ìparí March títí wọ June, ìlú yìí máa ń kún fún ètò ìta gbangba, kánsù ń ṣe é, láìbírì ń ṣe é, àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú igbó ń ṣe é, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "all ages", àmọ́ àwa Yorùbá á kà á, a ó sì rò pé àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní ajá méjì méjì, ni wọ́n ń bá wí. Irọ́ ni. Èmi ń mú ìyá mi lọ, ẹni ọdún 71, àtàwọn ọmọ mi, ẹ sì jẹ́ kí n sọ fún yín, nínú gbogbo wa Màmá ló ń gbádùn ẹ̀ jù, àwọn náà ló sì ń kọ́ wa jù.

Ibi tó sún mọ́ wa ni Walthamstow Wetlands. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Tottenham Hale, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn débẹ̀. Adágún omi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, omi tí London ń mu ni, láti ayé Queen Victoria ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi fẹ́ńsì yí i ká tó jẹ́ apẹja àtàwọn tó ń wo ẹyẹ tó bá níwèé àṣẹ ló ń wọlé, October 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i fún gbogbo ayé. Ó tó hẹ́kítà 211, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń tọ̀pá tàbí tó ń ti bọ́gì lè rìn ín dáadáa, ilé ìtọ̀ wà, tíì wà, wọn kì í sì í gba ajá láàyè (àyàfi àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́). Fún ìyá mi, ọ̀rọ̀ ajá yẹn gan-an ló mú kí wọ́n gbà láti lọ. Ohun tí wọ́n bi mí tẹ̀ lé e ni "Ejò ńkọ́?" Mo ní Màmá, gbogbo Britain pátá, paramọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló lóró ńbẹ̀, òun náà á sì ti sá kẹ́ ẹ tó rí i. Wọ́n wò mí bí ẹni ń purọ́, wọ́n ṣáà wọ bàtà.

A ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi dúró gbagidi. "Ẹ wò ó, lékèélékèé!" Ó jọ ọ́ lóòótọ́, ó funfun báláú, àmọ́ lékèélékèé tiwa tó ń tẹ̀lé màálù, ẹnu ẹ̀ ló yẹ́lò, èyí dúdú lẹ́nu, ó dúdú lẹ́sẹ̀, ó wá ku ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ nísàlẹ̀ tó yẹ́lò bíi gààrí elépo. Màmá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìka, wọ́n ń kọrin tá a fi ń bẹ lékèélékèé nígbà tá a wà lọ́mọdé pé kó fún wa ní èékánná funfun, ni àwọn ọmọ mi náà bá na ọwọ́ tiwọn, ni ìyá òyìnbó kan tó gbé awò kọ́rùn bá wá bi wá léèrè kí ló ń ṣẹlẹ̀. Mo ṣe ògbufọ̀. Ìyá yẹn wá sọ fún wa pé ẹyẹ náà gan-an àlejò ni, pé 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i tó pamọ ní Britain, ní Dorset lọ́hùn-ún, kó tó di pé ó gba gbogbo ibí. Màmá ní "Ah, òun náà ti gba stay." Mo rẹ́rìn-ín débi tí n ò lè túmọ̀ ìyẹn fún un.

Ẹyẹ míì wà níbẹ̀ tí wọn kì í rí, gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ, reed warbler lorúkọ ẹ̀, inú esùsú ló máa ń wà, bíi gíráàmù 12 péré ló wọ̀n. Tí òtútù bá fẹ́ dé, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ́dọ̀ wa ló ń sá lọ, á fo Sàhárà kọjá, tó bá di April á tún fò ó padà. Ọmọ mi ọkùnrin bi Màmá bóyá wọ́n ti rí i rí ní Ìbàdàn, wọ́n ní ó ṣeé ṣe, àwọn ò kàn bi í lórúkọ ni.

Èyí tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa sọ pé orí mi ò pé sí ni ti ìdájí. Wọ́n ń pè é ní International Dawn Chorus Day, Sunday àkọ́kọ́ nínú May, Birmingham ló ti bẹ̀rẹ̀ láàárín 1980 sí 1990, Chris Baines, onímọ̀ nípa ẹranko àti ewéko, ló dá a sílẹ̀, ó ń ṣe bọ́dé, ó ní káwọn ọ̀rẹ́ òun wá laago mẹ́rin ìdájí kí wọ́n lè jọ gbọ́ ẹyẹ. Aago mẹ́rin! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, àwa tá a ń ṣe vigil mọ́jú, kí ni aago mẹ́rin jẹ́? Màmá ò tiẹ̀ sùn. Òkùnkùn la ṣì fi débẹ̀, ẹni tó kó wa lọ ní ká pa fóònù, ká má sọ̀rọ̀. Robin ló ń kọrin lọ́wọ́ (òun tiẹ̀ lè máa kọrin lóru bí iná títì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀), blackbird wá gbà á, lẹ́yìn náà song thrush, ìyẹn lẹ ò lè ṣì mọ̀ torí ohun tó bá ti wí, á tún un wí lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀mẹta kó tó bọ́ sí òmíràn, bí oníwàásù. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti pọ̀ débi pé n ò mọ èwo ni èwo mọ́.

Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àwọn akọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọrin yẹn, wọ́n ń sọ fún akọ ẹgbẹ́ wọn pé ilẹ̀ yìí ti ní onílẹ̀, wọ́n sì ń pe ìyàwó, wọ́n ń ṣe é nídàájí torí ìmọ́lẹ̀ ò tíì tó láti wá oúnjẹ, afẹ́fẹ́ sì parọ́rọ́ nígbà yẹn, ohùn á lọ jìnnà. Màmá ní ṣebí iṣẹ́ àkùkọ náà nìyẹn, kí ló ṣòro níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré lẹ ní, Camley Street Natural Park ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ̀yìn King's Cross, etí odò Regent's Canal, ibi tí wọ́n ń kó èédú sí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di igbó kékeré lọ́dún 1985. Wọ́n ní adágún tí wọ́n ti ń wá ẹran inú omi. Wọ́n á fún yín ní àwọ̀n olópòó gígùn àti tíréè funfun, ẹ máa bu omi sínú tíréè ná, ẹ máa fi àwọ̀n rin inú omi bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8, ẹ máa dojú ẹ̀ dé sínú tíréè, ẹ wá dúró kí omi tòrò. Ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán lára ọmọ. Ẹrẹ̀ lásán lẹ kọ́kọ́ máa rí, ó pẹ́ díẹ̀ kí ewé kan tó mira, àṣé kì í ṣe ewé. Ohun tó jáde nínú tiwa ni ìgbín omi wẹ́wẹ́, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí ò tíì hu ẹsẹ̀, àti kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìrù mẹ́ta. Màmá rí ìgbín yẹn, wọ́n kígbe "ìṣáwùrú!", wọ́n ní ṣé wọ́n máa ń sè é níbí. Ọmọdébìnrin tó ń darí wa ní rárá o ma, gbogbo ẹ̀ ló máa padà sínú omi. Ó wá ní kòkòrò onírù mẹ́ta yẹn, ìbátan lámilámi ni, pé inú omi làwọn lámilámi ti ń dàgbà, òmíràn á lò tó ọdún kan tàbí méjì níbẹ̀ kó tó hu ìyẹ́. Ìyẹn ló ya Màmá lẹ́nu jù. Látìgbà tí wọ́n ti dáyé ni wọ́n ti ń rí lámilámi lórí omi, wọ́n rò pé omi ló wá mu. Wọ́n tẹ̀ ba tíréè yẹn títí àwọn ọmọ fi lọ jẹ bisikíìtì.

Èsìsì náà ńkọ́? Ìgbà ìrúwé ló ń rú yọ, àwọn òyìnbó á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á já ọ̀mùnú ẹ̀ kó tó yọ òdòdó, wọ́n á fi se ọbẹ̀, tó bá ti bọ́ nínú omi gbígbóná kì í jó ni mọ́. Ìyá mi ò gbà. Wọ́n ní ohun tó ti jó àwọn nígbà èwe, àwọn ò ní gbé e mì lágbà. Ẹ má kàn lọ já nǹkan níbikíbi ṣá o, ibòmíràn wà tó lófin, wọn ò fẹ́ kéèyàn máa ká nǹkan ní Epping Forest. Tó bá sì jẹ́ òdòdó bluebell lẹ fẹ́ wò, Chalet Wood tó wà ní Wanstead Park, ìparí April, ẹ gba ojú ọ̀nà, ẹ má tẹ ewé ẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò, ọdún gbọọrọ ló máa ń gbà á kó tó padà bọ̀ sípò.

Àwọn kan á tún máa polówó Forest School fún yín, Denmark ni wọ́n ti rí i, àwọn olùkọ́ Bridgwater College ní Somerset ló lọ wò ó wá ní 1993. Ó dára, ọmọ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná, bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ, àmọ́ àwọn kan wà tí owó tí wọ́n ń gbà nígbà hólídè ju ẹnu lọ, mo bínú padà sílé lọ́jọ́ tí mo rí i. Màmá ní kí n mú ọmọ wá sí Ìbàdàn, àwọn á fún un ní ọ̀bẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ò purọ́, igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣì wà níbẹ̀, ẹyẹ kan sì wà tó jẹ́ pé ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló wà nínú gbogbo ayé, Ibadan malimbe, ó ti fẹ́ máa tán.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé kò séèyàn dúdú níbi àwọn nǹkan yìí, ẹ wo Flock Together, Ollie Olanipekun àti Nadeem Perera ló dá a sílẹ̀ ní London ní 2020, èèyàn dúdú àtàwọn tí kì í ṣe òyìnbó ló ń jọ rìn, wọ́n ń wo ẹyẹ. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ilé tó ti wá.

Ẹ wọ aṣọ lé aṣọ, ẹ má tan ara yín pé oòrùn ń ràn. Ẹ ki ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá máa wọ koríko gíga, eégbọn wà ńbẹ̀, tẹ́ ẹ bá délé ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá. Ẹ rọ ògì sínú fúláàsìkì. Ti ìdájí May yẹn ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, àyè ẹ̀ máa ń tètè kún. Mo ti forúkọ ìyá mi sílẹ̀, wọ́n ní àwọn máa lọ, ṣùgbọ́n àwọn ò ní dé fìlà wúùlù mi yẹn mọ́, gèlè làwọn máa wé.