Mo Kó Búlọ́ọ̀kù Sílé, N Ò Kọ́lé

Ọjọ́ tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ máa kó búlọ́ọ̀kù pamọ́ sílé, inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó rò pé a fẹ́ kọ́lé ni.

Nígbà tí mo là á yé e pé búlọ́ọ̀kù inú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí, pé àkọsílẹ̀ gbogbo Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni ti fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009 ló wà nínú wọn, ó wò mí títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá ní Bitcoin tí kò ní full node tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ yìí wò fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a ka owó. Ohun tí ẹni ọ̀hún bá sì pè ló máa gbà. Èmi kò lè gbà kí wọ́n máa bá mi kà á. Lóòótọ́, owó tí mò ń wí yìí kò pọ̀ tó èyí tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kò lè fi ìka kà tán, ṣùgbọ́n tèmi ni tèmi. Node tirẹ á wa gbogbo búlọ́ọ̀kù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, á máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹnì kan ná owó tí kò ní, tàbí ó ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní bi bánkì, kò ní bi aládùúgbò. Bí mo ṣe ń rò ó lọ ni àyà mi ń wú.

Ohun tí n kò fi bẹ́ẹ̀ rò ni ibi tí a ó kó o sí. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni búlọ́ọ̀kù tuntun ń jáde, bí 144 lójúmọ́, kò mọ Àìkú, kò mọ ọdún. Wọ́n ti lé ní 900,000 báyìí, ẹrù wọn sì ti ju 600 gígábáìtì lọ. Dísìkì tèmi, 1 tẹ́ràbáìtì ni wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀. Nígbà tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní 931 gígábáìtì lòun rí. (Ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ń ṣe dísìkì fi ń kà á, 1,024 ni kọ̀ǹpútà tèmi fi ń kà á. Àárín àwọn méjèèjì ni 69 tèmi há sí.) Nínú 931 yìí, àwòrán àti fídíò ìdílé wa ti gba nǹkan bí 270. Ẹ bá mi ro ìyókù.

Ẹ má rò pé mo kàn fi orí wọgbó o. Mo ti kà á pé láti ọdún 2015 ni Bitcoin Core, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe node, ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní prune. Bí ìgbà tí èèyàn rẹ́ igi lọ́wọ́ tí kò gé e lulẹ̀ ni. Node á wa búlọ́ọ̀kù wá, á yẹ̀ ẹ́ wò, á mú ohun tó nílò nínú rẹ̀, ìyẹn ni àkójọ owó tí wọn kò tíì ná, á wá da ogbólógbòó búlọ́ọ̀kù nù. Àwọn tuntun ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán 288, iṣẹ́ bí ọjọ́ méjì. Satoshi Nakamoto tó dá Bitcoin sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú ìwé tó kọ ní 2008 nígbà tí ẹyọ búlọ́ọ̀kù kan kò tíì sí láyé, ti ya ìpín kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyè dísìkì. Bí ẹni tó ni nǹkan bá ń ronú àyè kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ta ni èmi tí n kò ní ronú ẹ̀?

Mo bá ṣí fáìlì tí wọ́n ń pè ní bitcoin.conf. Gbogbo ohun tí mo ti rí nínú fáìlì yẹn, 1 ni bẹ́ẹ̀ ni, 0 ni bẹ́ẹ̀ kọ́. server=1, bẹ́ẹ̀ ni. listen=1, bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá kọ tèmi sísàlẹ̀ wọn: prune=1. Mo pa fáìlì dé, mo na ara, mo ṣe bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òòjọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣe sùúrù, a ò tíì débẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, inú mi dùn bí i ti ẹni tó gun ẹṣin. 2009 kọjá fìrì, 2010 tẹ̀ lé e, 2011 ò pẹ́ rárá. Mo ṣírò rẹ̀ pé tó bá jẹ́ báyìí, ó di ọ̀sán ọ̀la. N kò rántí pé nígbà yẹn, àwọn tó ń lo Bitcoin kò pọ̀, búlọ́ọ̀kù wọn fúyẹ́ bí ìhùùhù. Nígbà tó máa fi dé 2015, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo. Nígbà tó dé 2017, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ọkọ̀ sẹ́yìn. Dísìkì mi, èyí tó ń yí ni, kì í ṣe SSD tó yára tí kì í yí, ó sì ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lóru bí eku tó wọ páálí. Mo lẹ ìwé mọ́ ọn lára: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ PA Á.

Dámi ka ìwé náà, ó wá bá mi.

“Dádì, kí ló ń ṣe?”

“Ó ń ka owó.”

“Owó ta ni?”

“Owó gbogbo ayé.”

Ọmọ náà ronú díẹ̀. “Tiwa ńkọ́?”

Mo ní kí ó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀.

Àbúrò mi pè mí láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo sì sọ fún un pé kò sí owó Bitcoin tó ti rìn láti 2009 tí ẹ̀rọ mi kò ní mọ̀. Ẹ bá mi fi gbólóhùn yìí pamọ́, a ó padà wá gbà á.

Ọjọ́ kọkànlá, node lé àwọn tó kù bá, ó ku díẹ̀ kó bá búlọ́ọ̀kù ọjọ́ náà gan-an. Ọjọ́ yẹn náà ni Ìyá Dámi fẹ́ kó fídíò kúrò lórí fóònù rẹ̀. Dámi ti ké ewì níwájú gbogbo ilé ìwé rẹ̀, ìyá rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, fóònù sì kún dẹ́múdẹ́mú. Dísìkì ní kò sáyè.

“Bàbá Dámi, ṣebí ẹ ní ẹ ti rẹ́ nǹkan yín yẹn lọ́wọ́?”

“Mo ti rẹ́ ẹ.”

“Ta ló wá ń sùn lórí dísìkì?”

Mo lọ wò ó. Node ti pa ara rẹ̀, ó ní àyè kò tó òun mọ́. Mo ṣí fódà búlọ́ọ̀kù: blk00000.dat, blk00001.dat, blk00002.dat, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 128 mẹ́gábáìtì, wọ́n tò lọ rẹrẹ bí ọmọ ogun. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni rẹ́ nínú wọn. Ewé kan kò já lórí igi.

Ibi tí èèyàn tó ní làákàyè ti máa lọ ka ìwé ìlànà ni mo ti lọ gbé àdá tèmi. Mo ní bóyá iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún prune, kí n bá a ṣe díẹ̀. Ta ló tún ń wá búlọ́ọ̀kù 2009? Mo mú ọgọ́rùn-ún fáìlì àkọ́kọ́, mo tẹ Shift mọ́ Delete, kí wọ́n má tilẹ̀ ráyè dúró nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀ọ́, nínú blk00000.dat yẹn ni búlọ́ọ̀kù tí Satoshi fi bẹ̀rẹ̀ wà, èyí tó kọ àkọlé ìwé ìròyìn The Times ti London sínú rẹ̀. Bàbá ńlá gbogbo wọn. Mo pa á rẹ́ nítorí fídíò ewì.

Mo tan node padà. Ó jókòó díẹ̀, ó wá gbé fèrèsé kékeré kan jáde pé òun kò lè ka àkójọ búlọ́ọ̀kù mọ́, ṣé kí òun tún un kọ́ nísinsìnyí? Ó dùn létí mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ọ tún ilé kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, o ní rárá? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Tí node bá wà ní ipò prune, tí a sì ní kí ó tún àkójọ kọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka fáìlì láti òdo: òdo wà, ení wà, èjì wà. Ibi tó bá ti rí àlàfo, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn àlàfo náà, pàǹtírí ni lójú rẹ̀, yóò sì gbá a dànù. Èmi sì ti pa òdo rẹ́.

Mo ń wo àyè dísìkì. 12 gígábáìtì. 90. 240. Mo ṣì ń rò pé ojú mi ni. 400. Nígbà tí mo fi máa nawọ́ sí wáyà, ó ti parí.

Igbe tí mo gbọ́ kì í ṣe tèmi.

“Bàbá Dámi! Ẹ ṣeun o! Àyè ti wà yanturu!” Ìyá Dámi ti ń kó fídíò rẹ̀ wọlé, ó kó ti ọdún tó kọjá mọ́ ọn, ó tún kó ti ìgbà tí Dámi kọ́kọ́ rìn. Ó ní òun kò mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yé mi tó báyìí. Mo ní kò tọ́pẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Lójú fèrèsé Bitcoin Core, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti fi ọdún 16 àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan rẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ka ìwé ìlànà. Kò gùn. Tí ó bá jẹ́ 0, má rẹ́ nǹkan kan. Tí ó bá jẹ́ 550 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye mẹ́gábáìtì tí o fẹ́ fi sílẹ̀ fún búlọ́ọ̀kù nìyẹn, máa rẹ́ ìyókù fúnra rẹ. Tí ó bá wá jẹ́ 1, múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan àfi tí wọ́n bá pàṣẹ fún ọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ yẹn fi dúró tàdátàdá lọ́wọ́, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Èmi náà jókòó, mò ń retí rẹ̀.

Èyí tó dùn mí wọra ni pé ká ní mo kàn pa 1 yẹn rẹ́ ni, kí n kọ 550 síbẹ̀, kí n tan node padà, ì bá ti da àwọn ogbólógbòó nù fúnra rẹ̀, ì bá sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé. Gbogbo ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ mi kò ju nọ́ńbà mẹ́ta lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Dámi lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tiẹ̀ bú mi. Ó kàn béèrè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́, tẹ́ ẹ̀ ń yẹ ìṣirò gbogbo ayé wò, ta ló sọ fún yín pé 1 ni bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo fi prune=550 sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò: prune kò dín ohun tí ẹ ó wa wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kù. Gbogbo rẹ̀ pátá ló máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé, yóò kàn máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde ni. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó parí, mo ṣí fódà, mo ń retí 550 mẹ́gábáìtì, mo bá ohun tó ju 10 gígábáìtì lọ níbẹ̀. Mo ti fẹ́ gbé àdá. Mo rántí, mo ka ìwé ìlànà lákọ̀ọ́kọ́. Àkójọ owó tí wọn kò tíì ná ló tóbi bẹ́ẹ̀, fódà tí wọ́n ń pè ní chainstate, òun ni node fi ń mọ owó gidi yàtọ̀ sí irọ́. Mo ká ọwọ́ mi padà, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àbúrò mi pè. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń jiyàn lórí owó tó san fún un ní 2017, ọ̀rẹ́ ní òun kò rí i gbà. Ó ṣì ní fáìlì wọ́lẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà, àpò tó fi ń ná Bitcoin nígbà náà, lọ́wọ́. Ṣé mo lè bá a wò ó?

Ayé dáa! Mo ní kí ó fi ránṣẹ́ kíá. Mo gbé e sínú node. Node wò ó, ó ní ìgbà tí wọ́n ti lo wọ́lẹ́ẹ̀tì yìí kẹ́yìn ti wà lẹ́yìn ibi tí òun rẹ́ dé, tí mo bá fẹ́ kí òun wò ó, àfi kí òun tún wa gbogbo búlọ́ọ̀kù wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rọra pa fèrèsé náà dé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i?”

“Kò sí níbí.”

“Ṣebí ẹ ní kò sí owó tó rìn láti 2009 tí ẹ̀rọ yín ò ní mọ̀?”

“Ó mọ̀ ọ́n,” mo ní. “Gbogbo ẹ̀ pátá ló mọ̀. Ó kàn ti gbàgbé ni.”

Ìyá Dámi ń wo fídíò ewì rẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ó jọ ẹni tó ni ín.”