Bí mo ṣe sọ kìnnìún di ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe fi ẹnu ara mi kó bá ara mi níbi ìkómọ àbúrò mi obìnrin ní Pàkátà.

Ọmọkùnrin ló bí, bàbá ọkọ ẹ̀ ní Àbáàsì lòun máa sọ ọ́. Kò burú. Àwọn ẹbí wá ní èmi ni n gba máìkì torí mo lẹ́nu, kí n ṣàlàyé orúkọ náà díẹ̀ kí Áfáà tó ṣàdúà. Àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí fóònù o." Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, èmi tí mo lo ọdún mẹ́rin nílé kéú kí n tó sá, ṣé Google ló máa wá kọ́ mi ní Lárúbáwá? Mo ṣáà rántí pé aládùúgbò mi kan ní Tanke sọ ọmọ ẹ̀ ní nǹkan kan báyìí tó ní "bas" nínú, wọ́n ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ó parí náà nìyẹn.

(Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ẹ̀yin náà bi ara yín kí ni tiyín túmọ̀ sí. Àwọn Jímọ̀ nìkan ni ọkàn wọn balẹ̀ nínú wa.)

Ọjọ́ kẹjọ pé, wọ́n ti pa àgbò akíkà, èrò ti kún abẹ́ tẹ́ńtì, ni mo bá gba máìkì. "Ẹ̀yin ará mi, Àbáàsì ni ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tí eyín kì í wọlé lẹ́nu ẹ̀! Ẹ wo ojú ọmọ yìí, ẹ̀rín ló bá wáyé!"

Gbogbo wọn bá yíjú sí ọmọ. Háà. Ojú ọmọ le koko bíi ti onílé tí wọ́n jẹ lówó ilé oṣù mẹ́fà. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn ní "hẹ̀ẹ̀n", mo rò pé ó ń gbóríyìn fún mi ni, mo tún wá fi kún un pé irú ọmọ yìí ò ní mọ ìbínú láyé.

Áfáà kàn ń wò mí. Ọwọ́ ẹ̀ náà ni mo ti sá lọ́jọ́sí, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó rọra gba máìkì.

"O ka Suratu Abasa dé lọ́dọ̀ mi àbí o ti sá nígbà yẹn?"

"Mo kà á, Áfáà."

"Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Mo ki ohùn bọ̀ ọ́, "Abasa wa tawallā…"

"Ìtumọ̀?"

"Ó fajú ro, ó sì yíjú kúrò."

"Ó ṣeun. Abasa, kí ló ṣe?"

"Ó fajú ro."

"Àbáàsì wá ńkọ́?"

Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín kí èmi tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Áfáà ní áyín, bá, sín, lẹ́tà kan náà ni, pé tí wọ́n bá ti tẹ ti àárín mọ́lẹ̀, á di ẹni tó ń ṣe nǹkan yẹn láṣetúnṣe, bí Razzāq ṣe jẹ́ Ọba tí kì í dáwọ́ ìpèsè dúró. Ó ní Bassām ni mo ń wá, bá, sín, mím, ìyẹn lẹlẹ́rìn-ín, ilé tiẹ̀ yàtọ̀.

Bàbá ọkọ àbúrò mi ti ń fajú ro báyìí. Ni Áfáà bá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kìnnìún làwọn Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀, torí ojú ẹ̀ tí ẹranko yòókù máa ń rí tí wọ́n á sá. Orúkọ àbúrò bàbá Ànábì wa náà sì ni, Abbas ọmọ Abdul-Muttalib, àtọmọdọ́mọ ẹ̀ ló joyè kálífà láti 750 títí àwọn Mongol fi wọ Baghdad ní 1258. Bàbá bá tún agbádá wọn ká sí èjìká.

Èmi bá yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé pé kí n lọ gba ẹran tèmi. Obìnrin tó wà nídìí ìkòkò wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàsáámù, ẹran ti tán o."

Mi ò fèsì. Ó wojú mi, ló bá kígbe sáwọn tó kù: "Ẹ sáré wá o, mo rí Àbáàsì kejì!"