Àyẹ̀wò Ọdún: Ìwé Orúkọ, Kásẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Olùkọ́ Wa Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọyẹ́ ti dé sí Òṣogbo, àwọn tó ń gbé Èkó àti Àbújá sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún. Àsìkò yìí ni ẹ̀ka èdè ní yunifásítì máa ń sáré rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀: wọ́n á pè wọ́n wá jẹ ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó di àmọ́dún. Àwa tí iṣẹ́ ìkànsíni yìí wà lọ́wọ́ wa ti wo ọdún yìí látòkè délẹ̀. Ibi kékeré ni okùn ti ń já: inú ìwé orúkọ.

Excel ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà fóònù oní-díjíìtì 11 síbẹ̀ láìkọ́kọ́ yí òpó (column) náà sí Text, òdo iwájú á pòórá, ẹni tó bá sì pè é á ní nọ́ńbà kò lọ. Àbùkù kejì jẹ́ ti àwa elédè gan-an. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú “ẹ”: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá, ó sì lè jẹ́ “e” tí a wá so àmì mọ́ nídìí. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n lè yàtọ̀. Ẹ á wá Ṣẹ́gun títí, ẹ̀rọ á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ Ṣẹ́gun jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Òpó méjì ló tán an: ọ̀kan fún orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì, èyí tó máa lọ sórí ìwé ìpè, èkejì láìsí àmì kankan, fún wíwá. Orúkọ ìlú pàápàá nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, torí àwọn àgbà ṣì ń kọ Oshogbo dípò Òṣogbo. Bí ẹ bá ń kó o pamọ́ bíi CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí ètò mìíràn lè kà), CSV UTF-8 ni kí ẹ yàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ “ẹ” àti “ṣ” lè di àmì ìbéèrè. (Ẹ̀ka èdè tó kọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀ láìsí àmì sórí ìwé ìpè, kí ló ń kọ́ àwọn ọmọ?)

Ẹ fi orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ sí i, àti nọ́ńbà ẹnì kejì, bóyá ọmọ tàbí aládùúgbò. Síìmù tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bó bá tún pẹ́ sí i, wọ́n lè fi nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Olùkọ́ àgbà tó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kánádà fún ọdún kan lè dé kó bá nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kánò, òun ni ẹ̀ka á sì máa kí kú ọjọ́ ìbí. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sínú gúrúpù. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ń bẹ.

Lórí WhatsApp, ẹni 256 ni broadcast kan (iṣẹ́ kan náà tí à ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) lè gbà. Ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i gbà, ẹnì kankan kò sì ní sọ fún yín. Ẹ má fi ìkéde sínú gúrúpù tí àdúrà òwúrọ̀ ti kún. Àwọn àgbà ti pa ohùn irú rẹ̀ tipẹ́.

Pípè ló yẹ àwọn tó ti fẹ̀yìntì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ sí ìgbà tí wọ́n fẹ́ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án dára, ṣùgbọ́n ẹ fi àsìkò Jímọ̀ àti àárọ̀ Sunday sílẹ̀. Ẹ kí wọn tán, ẹ bi wọ́n léèrè ara àti ọmọ, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹni tí wọ́n kọ́ ni kó pè, kì í ṣe akọ̀wé tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó jẹ́ ìpè àkọ́kọ́ lọ́dún.

Kí wá ni kí a bèèrè lọ́wọ́ wọn? Kásẹ́ẹ̀tì. Inú páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni ìjálá, ẹ̀sà àti ìyẹ̀rẹ̀ Ifá tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti abúlé dé abúlé wà, ọ̀pọ̀ àwọn tó sun wọ́n sì ti lọ. Kí ẹ tó lù ú rárá, ẹ fọ́ ahọ́n kékeré méjì tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹ yí i síwájú títí dé òpin, kí ẹ yí i padà, torí téèpù tó ti pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì nu hẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ tí a fi ń lu kásẹ́ẹ̀tì, ibi tí téèpù ti ń fara kàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Okùn onímẹ́tà kan láti ojú hẹ́dìfóònù ẹ̀rọ náà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó. Bí ohùn bá ń fọ́, ojú maikirofóònù kọ̀ǹpútà ló ń gbà á jù, ẹ ra adáptà USB kékeré tó ní ojú line-in. Bátìrì ni kí kọ̀ǹpútà lò, torí iná jẹnẹrétọ̀ máa ń kùn wọnú ohùn. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, kì í gba owó. WAV ni kí ẹ fi pamọ́, ẹ má lo MP3, torí MP3 máa ń yọ díẹ̀ lára ohùn kúrò, ohùn sì ni iṣẹ́ wa. Kásẹ́ẹ̀tì C90 (oníṣẹ́jú 90) kan gba ìṣẹ́jú 45 lójú kan àti bíi 480 MB lójú méjèèjì bó bá jẹ́ mono (ipa ohùn kan ṣoṣo). Kò sí ọ̀nà àbùjá: wákàtí kan ààbọ̀ ni yóò fi kọ.

Ibi tí àwọn ẹ̀ka ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á gba kásẹ́ẹ̀tì tán, wọn kò ní padà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé olùkọ́ náà ní Òkè-Fìà tàbí ibikíbi tó wà, ẹ lù ú fún un, ẹ kọ ohun tó bá sọ: ta ni ń sun ún, ìlú wo, ọdún wo, ṣé ẹni náà gbà kí a gbé e síta. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ṣe, ọ̀kan níta ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀.

Ti àpèjẹ kò le. Ẹ lè gbé e sí August: nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ilé a máa kún, àlejò àti ọmọ bíbí inú ìlú. Ẹ kàn yẹ̀ fún Ìléyá àti àwẹ̀, tí ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún.

Fún oṣù kìíní: kásẹ́ẹ̀tì tí kò sí nǹkan kan lára ìwé rẹ̀ ló kù. Àwọn yẹn la óò kọ́kọ́ gbé kiri kí òjò tó dé, torí bí ọ̀rinrin bá ti mú téèpù, á bu, nǹkan funfun á bò ó.