Ẹ Wo Bó Ṣe Jókòó, Ẹ Gbọ́ Bó Ṣe Ń Mí

Ẹ̀yin àbúrò mi ní yàrá pàjáwìrì, bí ọ̀nà ọ̀fun àgbàlagbà bá ń dí, ojú àti etí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ẹ̀rọ tí à ń fi sí aláìsàn níka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè ṣì máa ka 97 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọ̀fun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán.

Ariwo tó bá ń han gooro bí aláìsàn ṣe ń fa èémí sínú, ọ̀dọ̀ gògóńgò ni ìdènà wà. Bí ariwo náà bá rọlẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ẹ má dúpẹ́: afẹ́fẹ́ ni kò rí àyè kọjá mọ́. Ẹ ti gbọ́dọ̀ pe dókítà akunnilóorun àti dókítà ọ̀fun kó tó dà bẹ́ẹ̀, kí ọ̀bẹ tí a ó fi la iwájú ọrùn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé sì ti wà nítòsí.

Ẹni tó tẹ̀ síwájú, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fipá dá a dùbúlẹ̀, ì báà ṣe nítorí àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ CT ń yà. Eyín jíjẹrà lásán lè sọ abẹ́ àgbọ̀n di líle bí pákó, kó sì ti ahọ́n sókè dí ọ̀fun. Títẹ̀ tó tẹ̀ síwájú yẹn ló ń jẹ́ kó lè mí.

Bí ẹran bá há ẹnìkan lọ́fun, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́ bó bá ṣì lè wúkọ́. Bí kò bá lè fọhùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, ẹ fà á wọlé sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ti aláboyún, àyà ni kí ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ sí, kì í ṣe ikùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ará ilé pé òkèlè ẹ̀bà àti omi kì í ṣí ọ̀fun tó dí.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń pè ní lisinopril. Ó lè mú kí ètè àti ahọ́n wú lójijì, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí èèyàn ti ń lò ó, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ. Bí kò bá dá yín lójú pé kì í ṣe ohun tí ara kọ̀ ló fà á, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline 0.5 mg sínú ẹran itan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lisinopril ni, abẹ́rẹ́ yẹn kì í sábà ràn án. Ọ̀nà èémí ni kí ẹ tètè dáàbò bò. Aláìsàn náà kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan lisinopril mọ́. Ẹ kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ tó ń bá a ra oògùn.