Ẹran ọjọ́ Àìkú di kroket: àkọsílẹ̀ láti kíṣìnnì mi ní Rotterdam

Ọjọ́ Ajé, ìgbìyànjú kìíní

Lánàá ni a jẹ draadjesvlees. Ẹran èjìká màlúù ni, èyí tí àwọn alápatà ibí ń pè ní sucadelappen, tí iṣan funfun kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo gbé e ka iná kékeré fún wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú àlùbọ́sà, kànáfùrù, ewé bay àti fínígà díẹ̀, títí fọ́ọ̀kì fi ń ya á bí òwú. Ohun tí orúkọ rẹ̀ gan-an sì ń wí nìyẹn: ẹran tó ya bí òwú. A jẹ, a yó, ó ku nǹkan bí 300 gíráàmù.

Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń pè ní Oma bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí ní Netherlands, ti sọ fún mi tipẹ́ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ẹran ọjọ́ Àìkú tó bá ṣẹ́kù, kroket ló ń dà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í da ẹran nù, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí i kí n máa dà á nù.

Fún ẹni tí kò tíì rí kroket rí: ó gùn tó ìka àárín, ó sanra ju àtàǹpàkò lọ, ara rẹ̀ pọ́n, ó gbẹ, ó ń dún kàrà lábẹ́ eyín. Inú rẹ̀ ni ẹran wà, nínú ọbẹ̀ kan tó ki, tó gbóná, tó sì rọ̀. Èdè Faransé ni orúkọ náà ti wá, láti inú croquer, kí nǹkan máa dún lábẹ́ eyín. Amsterdam ni mo ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ní FEBO, ilé ìpanu kan tí Johan de Borst dá sílẹ̀ ní 1941 gẹ́gẹ́ bí ilé búrẹ́dì, tí orúkọ rẹ̀ jáde láti ara òpópónà Ferdinand Bolstraat. Inú ògiri ni wọ́n ń kó o sí, nínú àwọn àpótí kékeré olójú gíláàsì tó gbóná. O sanwó, o ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà, o mú tìrẹ. Òjò ń rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ebi ń pa mí gan-an, mo sì rántí bí ooru rẹ̀ ṣe wọ ìka mi títí dòní.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí kíṣìnnì. Mo yọ́ bọ́tà 50 gíráàmù, mo da fúláwà 50 gíráàmù sí i, mo fi omi ẹran 600 mílílítà lé e. Mo da ẹran tí mo ti ya sí i, ó wá dà bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Mo ní fíríìjì á mú un dì. Wákàtí méjì ni mo fún un. Nígbà tí mo fẹ́ máa yí i, ó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ṣáà fi ipá yí mẹ́jọ, mo rẹ wọ́n sínú ẹyin, mo yí wọn nínú èérún búrẹ́dì, mo sì gbé òróró kaná.

Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí àkọ́kọ́ fi là ní ìdí. Ó kọ́kọ́ yọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìlà náà ṣí, ọbẹ̀ inú rẹ̀ sì tú jáde. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ìfófòó bo ojú ìkòkò. Mo paná kíákíá. Márùn-ún nínú mẹ́jọ ló là. Èérún búrẹ́dì òfìfo ni mo ń kó jáde.

Ó dùn mí, nítorí ẹran yẹn.

Ọjọ́bọ̀, kí n tó tún gbìyànjú

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń rò ó. Òróró kọ́ ló bà á jẹ́. Omi ni. Ọbẹ̀ tó rọ̀ ní omi púpọ̀ nínú, tí ooru bá mú un, omi náà á hó, á máa wá ọ̀nà àbáyọ, ibi tí ara kroket bá ti tín-ín-rín jù ló ń gbà jáde. Èmi sì rò pé dídín ni iṣẹ́ náà. Orí iná àkọ́kọ́, níbi tí ọbẹ̀ ti ń ki, ni kroket ti ń di kroket. Nínú òróró, a kàn ń fún un láwọ̀ ni.

Mo ra schenkel, ẹsẹ̀ màlúù tó ní eegun àti mùdùnmúdùn nínú. Mo sè é pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà fún wákàtí mẹ́rin, mo sẹ́ omi rẹ̀, mo gbé e sínú fíríìjì. Láàárọ̀, ó ti dì. Mo gbá ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà, ó gbọ̀n rìrì. Ẹni tó bá ti se bọ̀kọ́tọ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí, pé omi rẹ̀ máa ń dì gbagidi bó bá ti tutù. Awọ àti iṣan ló ń yọ́ sínú omi, òun náà ló sì ń so omi pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí máa ń fi gelatine, ohun tó ń mú omi dì, sí ọbẹ̀ kroket wọn kó lè dúró. Ẹni tó bá ní omi ẹsẹ̀ màlúù tó dì báyìí kò nílò rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ìgbìyànjú kejì

Ẹran àná tún ṣẹ́kù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sè é lọ́pọ̀ ni. Bọ́tà 60, fúláwà 75, omi ẹran 400 péré. Mo rò ó bí ẹni ń ro ọkà, mo gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò títí kókó kankan ò fi sí níbẹ̀. Ó wà nínú fíríìjì mọ́jú. Yíyí rẹ̀ rọrùn lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́wàá ni mo rí.

Méjì là, láti orí. Mẹ́jọ dúró. Inú mi dùn títí mo fi tọ́ ọ wò: ìtọ́wò fúláwà tútù wà nínú rẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Mo ti kánjú da omi ẹran sí fúláwà kó tó jinná nínú bọ́tà.

Mo pe Oma wá wò ó. Wọ́n mú èyí tó là, wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn.

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo yí i nínú èérún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Oma.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Funfun ẹyin nìkan ni kí o sì lò, má fi pupa rẹ̀ sí i. Orí àti ìdí rẹ̀ ni kó o ṣọ́ jù lọ.” Wọ́n wá fi èékánná fa òwú ẹran kan tó yọ jáde láti orí rẹ̀. “Wo èyí. Ibi tó gbà yọ ni ooru náà gbà.”

Òwú ẹran náà gùn tó ìka kékeré mi. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìyànjú kẹta

Ìwọ̀n kan náà ni mo lò. Ọwọ́ ló yàtọ̀.

Mo kọ́kọ́ gé òwú ẹran náà ní ìbú, kò sí èyí tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Mi ò lọ̀ ọ́, nítorí kroket tí ẹran rẹ̀ kúnná kò yàtọ̀ sí ọbẹ̀ fúláwà lásán lẹ́nu mi. Bọ́tà yọ́ lórí iná kékeré, mo da fúláwà sí i, mo fi ṣíbí onígi rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Òórùn rẹ̀ yí padà níwájú mi: ó kúrò ní òórùn fúláwà, ó di òórùn bísíkíìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan. Mo wá ń da omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, mi ò da òmíràn títí èyí tó wà níbẹ̀ á fi wọlé. Lẹ́yìn náà, mo fi í sílẹ̀ lórí iná ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, mo ń rò ó lọ. Nígbà tí mo fa ṣíbí kọjá láàárín rẹ̀, ìdí ìkòkò hàn, kò sì tètè padé. Ìgbà náà ni mo tó da ẹran sí i, pẹ̀lú ewé peterselie (parsley) tí mo gé wẹ́wẹ́, iyọ̀, ata dúdú àti nootmuskaat (nutmeg) lílọ̀ láti inú ìgò.

Mi ò fi ata rodo sí i. Ó wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe bí àwọn tó ni ín ṣe ń ṣe é.

Mo tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ, mo fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó kó kan ojú rẹ̀ kó má bàa pa èèpá, mo gbé e sínú fíríìjì. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo gé e sí mẹ́wàá, bíi gíráàmù 75 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bu omi sọ́wọ́, mo yí wọn, mo fi orí kọ̀ọ̀kan lu pákó kó lè tẹ́jú. Fúláwà, funfun ẹyin, èérún búrẹ́dì; mo tún padà sínú funfun ẹyin, mo tún yí wọn nínú èérún. Mo fi ìka tẹ èérún mọ́ orí àti ìdí wọn bí ẹni ń dí ihò ìgò. Wọ́n tún padà sínú fíríìjì fún wákàtí kan kí ara wọn le.

Òróró sunflower lítà kan àti ààbọ̀, tẹmómítà nínú rẹ̀. Nígbà tó dé 180°C, mo gbé mẹ́ta sí i, nítorí bí wọ́n bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, òróró á tutù, wọ́n á sì máa mu ún. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo dúró tì í, mi ò mí dáadáa. Ìfófòó kékeré kéékèèké yí wọn ká, ó ń dún ṣììì, àwọ̀ wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìyeyè sí àwọ̀ epo igi. Kò sí ìlà kankan. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde ní odidi. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e náà jáde ní odidi.

Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e jẹ, inú rẹ̀ gbóná ju bí ara rẹ̀ ṣe fi hàn lọ. Ọmọ mi àgbà kò dúró, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Mẹ́rin ni a jẹ nílé. Mo kó méjì sọ̀kalẹ̀ fún Oma pẹ̀lú búrẹ́dì funfun ègé méjì àti mọ́sítádì, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án níbí. Wọ́n fi fọ́ọ̀kì la ọ̀kan, èéfín jáde. Wọ́n tẹ ẹ́ sórí búrẹ́dì, wọ́n fi mọ́sítádì ra á, wọ́n jẹ ẹ́ tán láìsọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ èkejì. Wọ́n wá ní ẹran náà dára, ara rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nootmuskaat inú ìgò yẹn ti kú.

Wọ́n dìde, wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù wọn, wọ́n sì fún mi ní èso rẹ̀ odidi mẹ́ta nínú ike kékeré, àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rin ín. Etí irin náà ti kújú nítorí ìlò. Wọ́n ní ti ìyá àwọn ni.

Kroket mẹ́rin tí mi ò tíì dín ṣì wà nínú fíríísà mi.