Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí òwò ìmòòkùn ní Ìlẹṣà lásìkò ọ̀wọ́ngógó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ àti ìmòòkùn, tí ẹ sì ń gbèrò láti dá ilé-ẹ̀kọ́ tiyín sílẹ̀, mo kí yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí léèrè bí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe ń gbòòrò sí i ní Ìlẹṣà, ìlú tí kò sí létí òkun, lásìkò tí àwọn oníṣòwò tí wọ́n lówó jù wá lọ ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà kúnnákúnná, nítorí pé iṣẹ́ yìí jẹ mí lógún, mo sì fẹ́ kí ó tàn dé Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ìlú mìíràn tí ó yí wa ká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Òkè òkun ni àgbá afẹ́fẹ́, régúlétọ̀ tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú àgbá lábẹ́ omi, aṣọ rọ́bà àti ìbòjú onídígí tí à ń lò ti ń wá, dọ́là ni a sì fi ń rà wọ́n. Kí ìjọba tó yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Régúlétọ̀ tí a ń fi owó kan rà tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a ń san ìlọ́po mẹ́ta owó náà fún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tuntun kankan tí wọ́n fi kún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 kan náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ilé epo fi ń gòkè títí ó fi kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹ̀rọ tí ń rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá kò sì mọ̀ pé epo ti wọ́n. Bí a bá ti tàn án, yóò mu iye tí ó ń mu tẹ́lẹ̀.

Lójú tèmi, ẹni tí ó bá gbé òwò yìí lé orí títa ohun èlò tàbí kíkó àwọn ènìyàn lọ sí etíkun òkèèrè ni ọ̀wọ́ngógó máa ń kọ́kọ́ gbé ṣubú. Ẹni tí ó bá fi ìlúwẹ̀ẹ́ lásán ṣe ìpìlẹ̀ ni ó máa ń pẹ́ lórí ìdúró. Ìlúwẹ̀ẹ́ kò bèèrè dọ́là. Omi, olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ àti sùúrù ni ó ń bèèrè, Ìlẹṣà sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń wò wá tìfẹ́tìfẹ́ kò tilẹ̀ mọ ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí náà, bí a bá ń polówó ìmòòkùn fún wọn, ohun tí wọn kò tíì lè lò ni à ń tà. Àjọ PADI, tí ó ń fún àwọn amòòkùn ní ìwé-ẹ̀rí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, pàápàá kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé-ẹ̀rí Open Water Diver, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí ìpìlẹ̀ fún amòòkùn, èyí tí ó fàyè gba ènìyàn láti lọ sísàlẹ̀ dé mítà 18, àfi bí ó bá lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 200 láìdúró, tàbí mítà 300 bí ó bá lo ìbòjú àti bàtà ìlúwẹ̀ẹ́, kí ó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí, àfi bí wọ́n bá jókòó ṣe ìṣirò afẹ́fẹ́. Àgbá lítà 12 tí a rọ afẹ́fẹ́ sí títí dé 200 bar (bar ni òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ki tó nínú àgbá) ní lítà afẹ́fẹ́ 2,400 nínú. A gbọ́dọ̀ fi 50 bar sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ààbò, èyí tí ó fi jẹ́ pé lítà 1,800 ni ó kù fún lílò. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ máa ń mí nǹkan bí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Bí ó bá wà ní mítà méjì nísàlẹ̀ omi, agbára omi tí ń tẹ̀ ẹ́ yóò sọ ọ́ di 24, àgbá náà yóò sì gbé e fún ìṣẹ́jú 75. Ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà lè mí ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì ní tó ìṣẹ́jú 40 tí yóò fi tán. Ohun èlò kan náà, epo kan náà, owó kan náà ni wọ́n san, ṣùgbọ́n ẹnì kan ná wa ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹnì kejì ná wa. Ìfọ̀kànbalẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, a sì lè kọ́ ènìyàn ní èyí láìtan ẹ̀rọ kankan.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúnmọ́sà wá bá wa, ó ní òun fẹ́ mọ bí ó ṣe ń rí lábẹ́ omi kí òun tó dàgbà jù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó dì mú tí kò fi ọwọ́ sílẹ̀ rárá. A ní kí ó kàn máa ki ojú bọ omi, kí ó máa kùn bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kí èémí rẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìfóòfó. Bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni èjìká rẹ̀ ń wálẹ̀, ìka rẹ̀ náà sì ń tú kúrò lára símẹ́ńtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a wá gbé àgbá kọ́ ọ lẹ́yìn, lẹ́yìn tí ó ti mọ ìlúwẹ̀ẹ́ dáadáa, mo ń wo abẹ́rẹ́ tí ó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ hàn, ó sì ń rìn wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ju ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń fi agbára ṣe é lọ. Ìyá yìí ni ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá, àwọn ọmọ náà sì mú ọ̀rẹ́ wọn wá. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe pátákó ìpolówó ni wọ́n rí.

Ní ti ibi tí a ó ti máa kọ́ni, ẹ má ṣe gbẹ́ adágún tiyín lásìkò yìí. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì wà tí wọ́n ti gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí agbára wọn kò gbé epo àti kẹ́míkà rẹ̀ mọ́. A lọ bá wọn, a ní kí wọ́n fún wa ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àlejò kò tíì jí, kí àwa náà sì máa tọ́jú omi wọn, kí á sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí a ti ń yọ ẹni tí omi ń gbé lọ. Ìtọ́jú yìí kò le bí a bá ń ṣe é lójoojúmọ́: kí chlorine, kẹ́míkà tí ń pa kòkòrò inú omi, wà láàárín apá 1 sí 3 nínú apá mílíọ̀nù kan, kí ìwọ̀n pH, tí ó ń sọ bí omi ṣe kan tó, sì wà láàárín 7.2 sí 7.8. Bí omi bá mọ́ gaara, àlejò òtẹ́ẹ̀lì yóò pọ̀ sí i, onílé yóò sì rí i pé àwa kọ́ ni a ń jẹ ẹ́ níṣu.

Òkun kò sí ní Ìlẹṣà, kò sì yẹ kí ìyẹn dà yín láàmú. Ẹ lè parí ẹ̀kọ́ inú ìwé àti ti inú adágún fún akẹ́kọ̀ọ́ nílé níbí, kí ẹ fún un ní ìwé ìfiránṣẹ́, kí ó sì lọ ṣe ìmòòkùn mẹ́rin inú omi gbangba tí ó kù kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn níbikíbi tí iṣẹ́ tàbí ìsinmi bá gbé e dé láàárín oṣù méjìlá. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ òfuurufú lọ ni yóò san owó ìrìnàjò rẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ nìkan ni ti wa, náírà sì ni.

Ní ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀wọ́ngógó ṣe àwáwí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ti ẹnu ọ̀pá tí ẹ̀rọ fi ń fa afẹ́fẹ́, nítorí àtidín wáyà kù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú, gáàsì yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, agbára rẹ̀ lára ènìyàn sì ń le sí i bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ omi. Ní ọ̀dọ̀ wa, a gbé ẹnu ọ̀pá náà ga, a sì gbé e jìnnà sí èéfín; mo so àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn kí ọmọṣẹ́ lè máa rí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Bí àkísà bá yí padà tí ó ń fi hàn pé èéfín ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣe ni kí ó pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń tètè dí asẹ́, nítorí náà owó asẹ́ ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ kí n tó ya owó oṣù tèmi sọ́tọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbá tòkúnbọ̀. Ó dùn ún rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo àmì tí wọ́n lù sí èjìká rẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni a ń fi omi alágbára dán an wò, ọdọọdún sì ni a ń tú orí rẹ̀ láti yẹ inú wò. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣe kí ó tó di ọdún 1990, ẹ wádìí bóyá irú àdàlù alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6351 ni, nítorí pé irú rẹ̀ máa ń sán lọ́rùn. Mi ò ní gbà á bí wọ́n tilẹ̀ fi ta mí lọ́rẹ.

Nípa gbígba owó, àwa Ìjẹ̀ṣà kò ṣàìmọ ọ̀nà. Àwọn Òṣómàáló kó aṣọ lọ sí ìlú olókèèrè, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì padà lọ gba owó wọn láìtijú. Bí owó ẹ̀kọ́ bá ga lójú oníbàárà, ẹ má ṣe já a wálẹ̀ títí tí kò fi ní ra epo. Ẹ pín in sí ọ̀nà mélòó kan, kí ẹ sì bèèrè ìgbà tí owó máa ń wọlé fún ẹni náà. Ìparí oṣù ni ti tíṣà, ìgbà ìwọlé ni ti akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ìgbà ìkórè kòkó ni ti àgbẹ̀. Ohun tí mo máa ń rọ̀ mọ́ ni pé kí apá tí ó kẹ́yìn wọlé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé àgbá kọ́ ẹ̀yìn.

Nígbà tí nǹkan bá le, àwọn iṣẹ́ kan yóò máa wá tí owó tí ó wà nídìí wọn ń dán gbinrin. Wọn yóò ní kí ẹ wá mòòkùn sínú kòtò ìwakùsà wúrà tí omi ti kún, irú èyí tí ó wà ní agbègbè Ìtàgúnmódì àti Igun. Wọn yóò ní kí ẹ wọ ẹnu ọ̀nà omi ìsédò lọ tú ìdọ̀tí tí ó dí i. Ẹ kọ̀ ọ́. Etí kòtò wúrà lè ya lulẹ̀ nígbàkígbà, a kì í sì í rí àtẹ́lẹwọ́ ẹni nínú omi rẹ̀. Ní ti ìsédò, omi tí ń sáré wọ inú ọ̀pá lè fa ènìyàn mọ́ra kí ó má sì lè já ara rẹ̀ gbà. Àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́tọ̀, okùn tiwọn lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ tiwọn sì máa ń ti òkè wá. Ìwé-ẹ̀rí tiwa kò kàn án rárá.

Èyí tí a lè gbà ni iṣẹ́ adágún ẹja tí kò jìn: ẹ̀rọ ìfami tí ó já sómi, tàbí ọ̀pá tí ó yọ. A máa ń pa ẹ̀rọ gbogbo tí ń fa omi níbẹ̀, a ó so okùn mọ́ ẹni tí ń lọ sísàlẹ̀, ènìyàn méjì yóò sì dúró létí bèbè. Ìdajì owó ni a ń gbà kí a tó gbé àgbá kúrò nílé, ìdajì yòókù sì ni oníbàárà ń san ní kété tí nǹkan rẹ̀ bá ti gúnlẹ̀ sórí koríko.